Èsì Tí Àwẹ̀ró Kò Dúró Gbọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wá ibi jókòó sí. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa jẹ ẹ́, kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ tètè wú u, nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí kò fẹ́ ariwo rárá. Ìtàn ọdẹ ni. Bí ẹ bá rí ibi tó ṣòro láti gbàgbọ́ níbẹ̀, ẹ má ṣe bá mi jà. Ẹnu ọdẹ fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà sì mọ ẹnu ọdẹ.

Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Àfọ̀n. Ìlú náà jókòó sí ara òkè bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé lé itan. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, àwọn àlejò a máa ti ìlú ńlá-ńlá wá síbẹ̀ láti wá gun òkè. Wọ́n á wọ bàtà onírọ́bà, wọ́n á gbé omi inú ike dání, wọ́n á so ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́ ọrùn. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn òkúta tí àwọn baba ńlá fi iná àti omi tútù gbẹ́ sára àpáta. Wọ́n á wo Ẹsẹ̀ Erin, kòtò kan lórí àpáta tó rí bí ìgbà tí erin tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n á mu omi Ìsun Pẹ̀lẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bù mu láìkọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, wọ́n á dé iwájú Agbóhùn.

Agbóhùn ni àpáta tó dúró ṣánṣán bí ògiri ààfin. Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n ní àṣà kan níbẹ̀ tí wọn kò fi ṣeré. Ẹni tó bá débẹ̀ yóò pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́. Yóò dúró títí àpáta yóò fi pe orúkọ náà padà fún un. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé, "Mo gbọ́," kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹkùn ló bá ń lé e bọ̀, yóò kọ́kọ́ sọ pé òun gbọ́.

Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé ni Bàbá Ọdẹ́gbèmí. Nígbà èwe rẹ̀, kò sí ọdẹ tó dà bí i rẹ̀ ní gbogbo agbègbè òkè náà, tàbí kí n sọ pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún wa nìyẹn. Nígbà tí orúnkún kò gbà fún un mọ́, ó fi ìbọn kọ́ ara ògiri, ó sì di ẹni tó ń mú àlejò gun òkè. Ó ga, ó tínrín, àádùn kì í tán nínú àpò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Yóò sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ wò mí dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bí ẹfọ̀n bá rí òjìji mi, á ti ṣubú kí n tó ki ẹ̀tù bọnu ìbọn." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀, ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ àtijọ́ tí kòkòrò ti jẹ ní apá, ó sì jáde sí àwọn àlejò méjì tó ń dúró dè é. Ọ̀kan ni Mọ́rẹ̀níkẹ́, olùkọ́ obìnrin kan tó fẹ́ràn láti máa béèrè ọ̀rọ̀. Èkejì ni Fádípẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tí aago ọwọ́ rẹ̀ kò fún un ní ìsinmi.

Bàbá sọ fún wọn pé, "Orúnkún mi ti sọ fún mi pé èyí ni àgùnkẹ́yìn. Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ pè lókè lónìí. Ó ti pé ọdún méjìlélógójì báyìí tí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pè é níbẹ̀. Ẹni tó ni ín ti lọ, ìkìlọ̀ ti tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé n lè pè é kí àpáta má dá mi lóhùn."

Fádípẹ̀ wo aago rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé a ó ti sọ̀kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán? Mo ṣì fẹ́ rí ihò àdán, mo sì fẹ́ rí ibi tí omi ti ń dà láti òkè."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, mo mọ̀ ọ́ rí."

Ó yà Fádípẹ̀ lẹ́nu, nítorí kò dé ìlú náà rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ti yíjú, ó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Agbóhùn, Fádípẹ̀ ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. "Fádípẹ̀ o!" ni ó ké, ó sì yí padà kíá láti máa lọ síbi ihò àdán. Àfi bí bàbá arúgbó ṣe fò mọ́ ọn, tó di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Dúró! Ta ló lé ọ? Dúró gbọ́ èsì rẹ!"

Wọ́n dúró. Àpáta náà pẹ́ díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń wá ọ̀pá rẹ̀ kó tó dìde, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Fádípẹ̀ o." Fádípẹ̀ sọ pé, "Mo gbọ́," bí ẹni tí wọ́n fi agbára rọ àgbo fún. Bàbá tú ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.

Mọ́rẹ̀níkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá dúró?"

Bàbá jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ jókòó," ni ó wí. "N kò lè pe orúkọ tí mo fẹ́ pè kí ẹ tó mọ ẹni tó ni ín."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, Ọdẹ́gbèmí gbé ìyàwó. Àwẹ̀ró ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò gun òkè tó ju òkìtì ààtàn lọ rí. Ṣùgbọ́n ohùn ń bẹ lẹ́nu rẹ̀! Bó bá kí ènìyàn ní òwúrọ̀, onítọ̀hún á rántí títí di alẹ́. Bó bá sì rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó ń gúnyán ní ilé kejì á dá ọmọ odó dúró kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rín gan-an ló sì fi fẹ́ Ọdẹ́gbèmí, nítorí nígbà tó wá tọrọ rẹ̀, tó ń ka gbogbo ẹran tó ti pa sílẹ̀ bí ẹni ń ka oríkì, Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò wá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú igbó fún irú?"

Ní ọjọ́ keje ìgbéyàwó wọn, Ọdẹ́gbèmí mú un gun òkè. Ó fẹ́ fi òkè han ìyàwó ni, ó sì fẹ́ fi ara rẹ̀ han ìyàwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú un wo Ẹsẹ̀ Erin, ó ní bí òun bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, erin náà kì bá tí ríbi lọ. Ó mú un dé Ìsun Pẹ̀lẹ́, ó dé iwájú Agbóhùn. Àwẹ̀ró gbé orí sókè, ó na ọrùn, ó ké pé, "Àwẹ̀ró o!"

Kí àpáta tó dáhùn, ìgalà kan fò jáde láti inú koríko. Ọdẹ́gbèmí di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fà á. "Wá wò ó! Wá wo bí ọkọ rẹ ṣe ń ṣe é!" Wọ́n sáré wọ inú igbó, ó yìnbọn, ìbọn dún gbòlà, ìgalà bá tirẹ̀ lọ. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó dúró jẹ́ẹ́ ló fara gba ọta. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Àwẹ̀ró tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín sókè.

Nígbà tí wọ́n délé ni Àwẹ̀ró la ẹnu láti kí ìyá ọkọ, tí ohunkóhun kò jáde.

Wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún un ní oyin, wọ́n lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí nǹkan. Ìyá àgbà tó dàgbà jù ní ilé wọn, ìyá tó bí bàbá Ọdẹ́gbèmí, ló wá bi í léèrè pé, "Ṣé ó dúró gbọ́ èsì?" Ọdẹ́gbèmí dojú bolẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo fà á, ìyá. Mo rí ìgalà."

Ìyá àgbà mi orí. "O rí ìgalà. Ó dára. Ohùn rẹ̀ ti dúró de èsì lẹ́yìn Agbóhùn, òun sì ti bá ọ lọ láìsí i. Lọ gbà á wá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ọ, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kí o tó dé, omi á gbé ohùn náà lọ sínú odò, kò sì sẹ́ni tó mọ ìlú tí odò ń lọ."

Òjò àkọ́rọ̀ kù bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àwẹ̀ró di àádùn àti iṣu sísun fún un. Nígbà tó ń lọ, obìnrin náà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí kò ní ohun mìíràn tó lè fi kí i. Bàbá sọ fún Mọ́rẹ̀níkẹ́ àti Fádípẹ̀ pé òun ti gbọ́ bíbú ẹkùn, òun ti gbọ́ àrá tó pa igi ìrókò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dun òun dé inú bí àtẹ́wọ́ mẹ́ta yẹn.

Ó yí ẹ̀yìn Agbóhùn lọ, ó sì bọ́ sínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Igbó Akánjú. Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi yọ sí i. Iwin náà kò ní gìgísẹ̀, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń sáré, kò sì lè dúró lójú kan. Bàbá wo aago ọwọ́ Fádípẹ̀ nígbà tó sọ ibí yìí.

"Ọdẹ, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ gba ohùn ìyàwó mi."

"Ṣé o ò kánjú ni, tó o fi ń rìn bí aláboyún?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Ọdẹ́gbèmí. Ó ní òun kánjú ju baba ńlá iwin lọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn. Bàbá ní, "Ẹ gbọ́, mo sáré lọ́jọ́ náà débi pé mo kọjá lára ẹ̀fúùfù, mo gbọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi." Wọ́n kọjá lábẹ́ igi àfọ̀n kan tó ní àpá àdá lára. Wọ́n sáré títí, ó tún rí igi àfọ̀n kan tó ní àpá àdá lára. Ó sáré fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, igi àfọ̀n kan ṣoṣo náà ló ń rí. Ìgbà kẹsàn-án ló yé e pé eré rẹ̀ kò gbé e lọ síbì kan.

Ó wá jókòó sídìí igi náà pẹ̀lú ìbínú, ó tú àádùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Iwin náà ń fò níwájú rẹ̀. "Dìde! Dìde! Òjò ń bọ̀!" Ọdẹ́gbèmí bu díẹ̀ fún un. "Jókòó, kí o tọ́ ọ wò." Iwin náà kò jókòó rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a. Ó jókòó, ó fi àádùn sẹ́nu, ó ní, "Họ́wù! Ó mà dùn o!" Kó tó jẹ ìdajì, oorun ti gbé e lọ. Nígbà tí Ọdẹ́gbèmí gbé ojú sókè, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi gbà á jáde.

Ibi tó jáde sí ni Ìlú Awòran. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ro oko, wọn kì í ṣe òwò, ìran ni wọ́n ń wò. Ojú wọn tóbi bí ọsàn. Wọ́n ti wo òkun, wọ́n ti wo aṣálẹ̀, wọ́n ti wo gbogbo òkè tó wà láyé, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n ròyìn ọ̀kan, wọ́n á ní, "A wò ó," ó tán. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn yìí rìn jìnnà, wọ́n rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀.

Wọ́n ká Ọdẹ́gbèmí mọ́ àárín, wọ́n ń wò ó. Olórí wọn, obìnrin kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò sọ ohun kan tó rí lọ́nà, tí kì í ṣe ohun tó fẹ́ pa, tí kì í ṣe ohun tó fẹ́ jẹ tàbí mu. Àwa kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ìwọ náà kò bá rí i, wá jókòó tì wá, ojú rẹ yóò tóbi láìpẹ́."

Ọdẹ́gbèmí rẹ́rìn-ín. Èyí rọrùn! "Mo rí ìgalà."

"O fẹ́ pa á."

"Mo rí igi àfọ̀n."

"O ń wò ó bóyá ó so."

"Mo rí Ìsun Pẹ̀lẹ́."

"Òùngbẹ ń gbẹ ọ́."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí òkè, kò rí nǹkan kan tí kò fẹ́ fi sínú àpò. Ó dijú, ó ń wá inú orí rẹ̀. Ìgbà náà ló wá rántí nǹkan kékeré kan. Ní ọjọ́ keje ìgbéyàwó, ní ẹ̀bá Ìsun Pẹ̀lẹ́, ìgbín kan ń dá ọ̀nà kọjá. Ọdẹ́gbèmí ti bẹ̀rẹ̀ láti mú un fún ọbẹ̀. Àwẹ̀ró ló dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, tó fi ewé gbé ìgbín náà, tó gbé e sí òdìkejì ọ̀nà. Ó ní, "Máa lọ. Ìwọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lo gbé ilé rẹ sí, ta ni yóò lé ọ délé?" Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́gbèmí la ojú. "Mo rí ìyàwó mi nígbà tó ń bá ìgbín sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ewé kókò ló fi gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú omi. Oòrùn wà ní etí rẹ̀ kan."

Omi yọ ní àwọn ojú ńlá-ńlá wọ̀nyẹn. Olórí wọn ní, "Tún un sọ." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì yàgò fún un.

Ọjọ́ keje ló dé ìlú tó wà lẹ́yìn Agbóhùn. Kò sí ilé níbẹ̀, igi nìkan ló wà, akèrègbè sì so kọ́ gbogbo ẹ̀ka. Nínú akèrègbè kọ̀ọ̀kan, ohùn ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Olùṣọ́ wọn ni Bàbá Elétí, arúgbó kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ó gbọ́ ẹjọ́ Ọdẹ́gbèmí tán, ó já akèrègbè mẹ́ta sílẹ̀.

"Ohùn ìyàwó rẹ wà nínú ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo lo lè mú."

Akèrègbè kìíní sọ̀rọ̀, ó dùn bí oyin. "Ọdẹ́gbèmí, akọni ọkọ mi, ìwọ tí ẹkùn ń sá fún!" Bàbá jẹ́wọ́ fún àwọn àlejò méjèèjì pé ọwọ́ òun ti na sí i tán. Ta ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Èkejì ń sunkún, "Ọkọ mi, ẹ gbé mi lọ, ẹ má jẹ́ kí n kú síbí." Ẹ̀kẹta kò sọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ọkọ mi, kí ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn fi ṣe yín?"

Etí Ọdẹ́gbèmí gbóná. Ó rántí èjìká tó ń mì níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò wo èyí tó kù mọ́, ó gbá akèrègbè kẹta mọ́ra.

Bàbá Elétí mi orí rẹ̀. "Ohùn lo wá gbà, o ti rí ohùn gbà. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ tí kò dúró gbọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ níwájú Agbóhùn nígbà tó wà láàyè, ohùn yìí yóò padà wá bá èsì rẹ̀, kò sì ní í jáde mọ́. Lẹ́yìn ayé rẹ̀, o lè wá pè é."

"Ṣé yóò dáhùn?"

"Èmi kò mọ̀. Ó di ọwọ́ ẹni tó bá lè dúró. Ó wá ku ohun kan, kí lo máa fi sílẹ̀ dípò ohùn náà?"

Ọdẹ́gbèmí fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Arúgbó náà dá a padà, ó ní, "Kí ni èmi yóò fi ìyẹn ṣe? Èsì tìrẹ ni kí o fi sílẹ̀. Láti òní lọ, bí o bá pe orúkọ ara rẹ níwájú àpáta, kò ní í dá ọ lóhùn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Kò sí ohun tó fẹ́ràn bíi kí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń gun òkè lọ pè é. Ó wo akèrègbè tó wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Mo gbà."

Bó ṣe ń padà bọ̀, ojú ọ̀run ti dúdú. Àrá ń kùn. Àwọn ará Ìlú Awòran yàgò fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Igbó Akánjú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òjò ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ sáré. Bó bá sáré, igi àfọ̀n nìkan ni yóò máa rí títí òjò yóò fi dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹ lọ fi ẹ̀sọ̀ rìn nígbà tí àrá ń sán lórí yín! Ó ki akèrègbè bọ abẹ́ gbérí rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ewé, ó ń kí igi ní pẹ̀lẹ́. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ akin tí òun ṣe láyé, ìrìn yẹn ló le jù.

Ó jáde nínú igbó, ó rí orí òrùlé ilé rẹ̀. Ó rí Àwẹ̀ró ní ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni sùúrù rẹ̀ tán o. Ó sáré ibi tó kù, ìdérí akèrègbè yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo sì kó sínú rẹ̀ kó tó wọlé.

Àwẹ̀ró gbé akèrègbè náà sẹ́nu. Òjò ya lulẹ̀ lórí páànù. Obìnrin náà gbé ẹnu kúrò, ó nu ètè, ó wo ọkọ rẹ̀ tó rí pálapàla, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Kí ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn fi ṣe yín?" Gbogbo ilé pariwo ẹ̀rín, Ọdẹ́gbèmí sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò yẹn kò lọ lásán. Láti ọjọ́ náà, ohùn Àwẹ̀ró a máa sán díẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀, bí àwo amọ̀ tó ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò ráhùn rí. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, tó ń mọ̀ pé eré òun ni.

Fún ọdún mọ́kànlélógójì, gbogbo ọyẹ́ ni wọ́n ń gun òkè pọ̀. Wọ́n á jẹ àádùn lórí àpáta tí oòrùn ti mú gbóná, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á máa wo òrùlé ìlú nísàlẹ̀. Àwẹ̀ró á máa sọ ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tuntun, ilé ẹni tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bí wọ́n bá dé iwájú Agbóhùn, kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n á dúró, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á kọjá. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ọmọ ìlú kan kì í pe orúkọ rẹ̀ lórí òkè.

"Lẹ́yìn iṣu tuntun èṣín ló lọ," ni bàbá wí. "Ó dùn mí. N kò ní í fi akin bò ó, ó dùn mí gan-an. Ilé dákẹ́ ju igbó lọ."

Mọ́rẹ̀níkẹ́ ń nu ojú. Fádípẹ̀ ti gbàgbé ihò àdán.

Bàbá gbára lé òkúta, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ló ké é síta.

"Àwẹ̀ró o!"

Kò sí nǹkan. Wọ́n dúró. Àwòdì kan yí lókè lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Oòrùn kúrò lára Agbóhùn. Ìgbà tí àpáta fi dá Fádípẹ̀ lóhùn ti kọjá lọ́nà mẹ́wàá, lọ́nà ogún. Arúgbó náà rẹ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

"Mo ti pẹ́ jù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ̀yin náà ní ibi tí ẹ̀ ń lọ."

Fádípẹ̀ ló di gbérí rẹ̀ mú. Ó ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ta ló lé wa? Ẹ jẹ́ ká dúró."

Wọ́n tún dúró. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ fi kú tiripá.

Nígbà náà ni àpáta dáhùn. Kì í ṣe ohùn bàbá ló dá padà. Ohùn ọmọbìnrin ni, ohùn ìyàwó ọlọ́jọ́ méje, tó gbé orí sókè, tó na ọrùn.

"Àwẹ̀ró o!"

Arúgbó náà di apá Fádípẹ̀ mú ṣinṣin. "Ẹ gbọ́?" ni ó ń wí. "Ẹ gbọ́ ọ? Kò sán. Kò sán níbì kankan."

Ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó tún gbérí rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí àpáta. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ ti sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Mo gbọ́."

Ibẹ̀ ni mo bá wọn dúró sí. Ẹ̀yin náà, ẹ rọra máa sọ̀kalẹ̀.